Wọ́n fún ọmọ mi ní fìlọ́sọ́fì dípò ìmọ̀ òfin

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo. Ìmọ̀ òfin ni àbíkẹ́yìn mi fẹ́ kà, ṣùgbọ́n fìlọ́sọ́fì ni wọ́n fún un ní yunifásítì. Mo ní kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ó ní ìrònú ni, ó ní àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ló dá a sílẹ̀. Ṣé ìrònú lèèyàn ń fi ọdún mẹ́rin kọ́? Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tún sọ fún mi pé àwọn tó ń kà á kì í gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́, pé orí ẹlòmíì tiẹ̀ máa ń dàrú nídìí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni nǹkan ọ̀hún gan-an? Ṣé kí n jẹ́ kó lọ, àbí kó jókòó sílé de ìdánwò JAMB ọdún tó ń bọ̀?”

Màmá, ẹ kú làálàá ọmọ. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé ohun mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra nínú rẹ̀: ẹ fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń kọ́, ẹ̀rù ìgbàgbọ́ ọmọ ń bà yín, owó àti ọdún tó máa bá a lọ sì ń kọ yín lóminú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ orí dídàrú kúrò lọ́nà, òun ló rọrùn jù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní fìlọ́sọ́fì kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo rí ọmọ tí àìsàn ọpọlọ bá jà, bí àwọn olùkọ́ ìṣirò àti ti ìṣègùn náà ṣe rí tiwọn. N kò rí ẹyọ ẹnì kan tí ìwé kó o ràn. Ṣùgbọ́n àhesọ yẹn ti pẹ́ láyé. Plato, amòye kan lára àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ tí ọmọ yín sọ, fúnra rẹ̀ sọ ìtàn Thales, ẹni tí Aristotle, amòye Gíríìkì mìíràn, pè ní olùdásílẹ̀ irú ìwádìí yìí, pé ó ń wo ìràwọ̀ lójú ọ̀run títí ó fi já sínú kànga, ni ọmọbìnrin ìránṣẹ́ kan bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí kò rí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fẹ́ mọ ohun tó wà lókè. Aristotle náà sọ tirẹ̀ nípa Thales yìí kan náà: wọ́n ń fi òṣì bú u, ó bá wo ojú ọ̀run, ó rí i pé ólífì máa so jìngbìnnì, ó sì fi owó díẹ̀ gba gbogbo ẹ̀rọ ìfún-òróró tó wà ní Mílétù àti Kíósì sílẹ̀ láti ìgbà òtútù. Nígbà tí ìkórè dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń wá yá a, iye tó wù ú ló sì ń pè. Ẹni tó bá sọ ìtàn kànga fún yín, ẹ sọ ti ẹ̀rọ òróró fún òun náà.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ wá ńkọ́? Ẹ wo máṣíìnì ìránṣọ tó wà níwájú yín. Ká ní ẹ rà á lọ́dún tí ẹ ṣe fírídọ́ọ̀mù. Bẹ́líìtì rẹ̀ já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Pákó tábìlì rẹ̀ jẹrà, káfíńtà kan òmíràn. Ẹsẹ̀ irin rẹ̀ dá, ẹ ra tòkúnbọ̀ sí i. Nígbà tó yá, orí máṣíìnì fúnra rẹ̀ kú, ẹ ra tuntun gbé lé e. Síbẹ̀ bí ẹnì kan bá béèrè, ẹ óò fọwọ́ lù ú, ẹ óò ní, “Èyí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.” Ṣé òun ni lóòótọ́? Bí òun bá ni, kí ló kù lára rẹ̀ tó ń jẹ́ òun? Bí òun kọ́ bá ni, ọjọ́ wo ló di òmíràn, ọjọ́ bẹ́líìtì ni àbí ọjọ́ orí? Àwọn ará Áténì, ìlú àwọn Gíríìkì, ní irú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan wà tí wọ́n ní akọni wọn, Theseus, wọ̀ bọ̀ láti erékùṣù Kírétè. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Pákó tó bá ti jẹrà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun sí i. Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì kan, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn amòye pín sí méjì lórí rẹ̀, àwọn kan ní òun náà ni, àwọn kan ní kì í ṣe òun mọ́. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Thomas Hobbes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún wá bu ata sí i: ká ní ẹnì kan ń ṣa àwọn ògbólógbòó pákó wọ̀nyẹn jọ, tó sì tò wọ́n padà bí wọ́n ṣe wà, ọkọ̀ méjì délẹ̀, èwo ni ti Theseus nínú méjèèjì? Ẹ rò ó wò pé ọmọ iṣẹ́ yín ti ń kó gbogbo irin àlòkù yín pamọ́, ó tò ó, ó wá ń yangàn láàárín ìgboro pé máṣíìnì tí ọ̀gá òun fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun.

Kì í ṣe àwàdà o. Ara èèyàn náà ń pààrọ̀. Ọmọ tí ẹ pọ̀n sẹ́yìn àti géńdé tó ń fọ́ yín lórí báyìí, kí ló sọ wọ́n di ẹnì kan ṣoṣo? Ẹni tó jalè ní ogún ọdún sẹ́yìn, tí ìwà rẹ̀ ti yí padà pátápátá, ṣé òun náà la fẹ́ jù sẹ́wọ̀n ni, àbí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀? Adájọ́ tó ń dájọ́ ti gbà pé ẹnì kan náà ni, bóyá ó ronú sí i tàbí kò ronú sí i. Gbogbo èèyàn ló ń ronú, màmá. Ẹ̀yin gan-an ń ronú kí ẹ tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ olówó ńlá. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ ni bó ṣe máa di ìbéèrè kan mú tí kò fi ní yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, bó ṣe máa mú ìdí wá fún ohun tó sọ, àti bó ṣe máa gbà nígbà tí ìdí ẹlòmíràn bá borí tirẹ̀. Ẹ̀kẹta yẹn ló ṣòro jù. Mo mọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò tíì kọ́ ọ.

Ọmọ yín kò purọ́ nípa àwọn Gíríìkì, ó kàn gé e kúrú ni. Kì í ṣe Áténì ló ti bẹ̀rẹ̀. Mílétù ni, ìlú kan létí òkun ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tọ́kì lónìí, ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ránṣẹ́ pe àwọn alàgbà ìjọ Éfésù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20. Nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún ṣáájú Pọ́ọ̀lù ni Thales gbé ibẹ̀; àwọn Gíríìkì ní òun ló sọ tẹ́lẹ̀ pé oòrùn máa ṣókùnkùn lójú ọ̀sán, èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 585 ṣáájú ìbí Kírísítì. Ó ní omi ni ìpilẹ̀ ohun gbogbo. Ẹ óò ní ó ṣì í, ó ṣì í lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Anaximander, ọmọ ìlú rẹ̀ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ní kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn ohun ayé ń bá ara wọn jà, tútù ń bá gbígbóná jà, bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ìpilẹ̀ tí kò lópin, ì bá ti pa àwọn yòókù run. Nítorí náà ìpilẹ̀ náà ní láti jẹ́ ohun kan tí kì í ṣe omi, tí kì í ṣe iná, tí kò sì ní ààlà. Ọkùnrin yìí kan náà ló sọ pé ayé kò jókòó lórí ohunkóhun, pé ó dúró sí àárín gbùngbùn ni, kò rí ìdí tó fi máa ṣubú sápá kan ju èkejì lọ. Anaximenes, ará Mílétù náà, dé lẹ́yìn rẹ̀, ó ní rárá, afẹ́fẹ́ ni. Bó bá fẹ́lẹ́ a di iná, bó bá ki a di ìkuukùu, a di omi, a di òkúta.

Ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ rí, kì í ṣe omi tàbí afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí: ohun tí ọ̀gá gé ni ọmọ iṣẹ́ ń gé, ẹni tó bá ní ọ̀gá gé e ṣì ti di ọ̀tá. Ní Mílétù, ẹni tó tẹ̀ lé ọ̀gá ní ọ̀gá gé e ṣì, ó sọ ìdí, ẹni tó tẹ̀ lé òun náà tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, wọ́n sì ka àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí agbo kan náà. Kò sí èyí tó ní kí wọ́n gba òun gbọ́ nítorí pé òun lá àlá.

Bí ọmọ yín bá wá sọ fún yín pé kò sí ẹni tó ń ronú láyé kí àwọn Gíríìkì tó dé, ẹ má gbà fún un. Àwọn fúnra wọn jẹ́wọ́ pé àwọn jẹ Íjíbítì ní gbèsè, Íńdíà àti Ṣáínà sì ní tiwọn. Ọ̀mọ̀wé Sophie Olúwọlé, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú fìlọ́sọ́fì ní Nàìjíríà, tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó sì kú lọ́dún 2018, kọ odindi ìwé kan láti gbé Socrates, ọ̀gá Plato, àti Ọ̀rúnmìlà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn méjèèjì kò kọ ìwé kankan, ẹnu àwọn ọmọ ẹ̀yìn la ti gbọ́ tiwọn. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé kí ló dé tí àìkọ̀wé kò fi sọ Socrates di aláìmọ̀kan, tó wá jẹ́ pé tiwa ló sọ di àlọ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Ọ̀rúnmìlà já yín láyà, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni ìyá náà ń sọ, kò ní kí ẹnikẹ́ni bọ nǹkan. Èmi kò fara mọ́ gbogbo ohun tó kọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn, n kò tíì rí ẹni tó dá a lóhùn dáadáa. Orúkọ iṣẹ́ náà nìkan ló jẹ́ ti Gíríìkì pọ́ńbélé: ìfẹ́ ọgbọ́n ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwa ń pè é ní ìmòye, à ń pe ẹni tó ń ṣe é ní amòye, bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́. Ti Gíríìkì kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn nǹkan lè má tíì rí i gbé wálé.

Socrates ló fi ẹ̀mí rẹ̀ dí ìtumọ̀ yẹn. Ọmọ agbẹ́kùúta ni ní Áténì, agbẹ̀bí ni ìyá rẹ̀, ó sì máa ń sọ pé iṣẹ́ ìyá òun lòun ń ṣe, pé èrò inú èèyàn lòun ń gbẹ̀bí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ bi òrìṣà Délífì bóyá ẹnikẹ́ni wà tó gbọ́n ju Socrates lọ, òrìṣà ní kò sí. Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó gbọ́n jù ú lọ kiri. Ó lọ bá àwọn olóṣèlú, wọn kò mọ nǹkan kan. Ó lọ bá àwọn akéwì, wọn kò lè ṣàlàyé ewì tí àwọn fúnra wọn ké. Ó wá lọ bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, irú ẹ̀yin, ó sì rí i pé àwọn wọ̀nyí mọ nǹkan ní tòótọ́. Àbùkù wọn kò ju pé nítorí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, wọ́n rò pé kò sí ohun tí àwọn kò mọ̀. Ó gbà nígbẹ̀yìn pé ohun tí òun fi ju àwọn yòókù lọ ni pé òun mọ̀ pé òun kò mọ̀. Ẹ ò rí i pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ ní ọ̀tá. Lọ́dún 399 ṣáájú ìbí Kírísítì, nígbà tó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n pè é lẹ́jọ́ pé ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́, kò sì bọ àwọn òrìṣà tí ìlú ń bọ. Ó sọ fún àwọn adájọ́ pé òun bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ti ọlọ́run lòun máa gbọ́ ju tiwọn lọ. Bí ọgbọ̀n ìbò péré bá yí sápá kejì, ì bá lọ sílé. Nígbà tí wọ́n ní kó dá ìyà tó tọ́ sí i fún ara rẹ̀, ó ní kí ìlú máa bọ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń bọ́ àwọn tó borí nínú eré ìdárayá. Wọ́n fún un ní májèlé mu. Ẹ ti rí i báyìí pé ohun tí ẹni ṣọ́ọ̀ṣì yín sọ, àwọn ará Áténì ti sọ ọ́ rí, wọ́n tiẹ̀ pa èèyàn lé e lórí, ẹni tí wọ́n sì pa kì í ṣe ẹni tí kò gba ohun kan gbọ́.

Plato, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wa, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Akadẹ́mì sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 387 ṣáájú ìbí Kírísítì. Aristotle wọ ibẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó lo ogún ọdún, ó jáde, ó sì ta ko ọ̀gá rẹ̀ lórí ohun tó pọ̀. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni agbo àwọn amòye tí wọ́n ń pè ní Stoiki dé, tí wọ́n fi oko ṣàlàyé bí ẹ̀kọ́ náà ṣe pín. Mo fẹ́ràn àlàyé wọn ju ti ìwé òde òní lọ. Wọ́n ní oko kan ni fìlọ́sọ́fì: lọ́jíìkì, ìyẹn ìmọ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, ni ọgbà tó yí oko ká; ìmọ̀ nípa bí ayé ṣe rí ni ilẹ̀ àti igi; ìmọ̀ nípa ìwà ni èso. Lónìí ẹ̀ka ti pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ máṣíìnì yín àti ọkọ̀ Theseus bọ́ sábẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní metaphysics, orúkọ tó ń ba àwọn òbí lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju “èyí tó tẹ̀ lé ìwé ìṣẹ̀dá” lọ, nítorí ibi tí wọ́n tò ó sí láàárín àwọn ìwé Aristotle nìyẹn. Kò kan ẹgbẹ́ òkùnkùn rárá. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ọ̀rọ̀ ẹwà náà ní ẹ̀ka tiwọn, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Ẹ̀ka tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí ni ti ìmọ̀: ìgbà wo lèèyàn lè sọ pé òun mọ nǹkan? Plato fi ilé ẹjọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ olè, agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ wọ̀ wọ́n létí, wọ́n dá ẹjọ́ náà bó ṣe tọ́. Ṣé wọ́n mọ̀ pé olè ni ọkùnrin yẹn? Plato ní rárá. Ẹni tí ọ̀ràn náà ṣojú rẹ̀ nìkan ló mọ̀, àwọn adájọ́ kàn gba òtítọ́ gbọ́ ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹnu yà mí, torí pé Yorùbá ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúbí Ṣódípò àti Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà kan, jọ ṣe ìwádìí nígbà tí wọ́n wà ní yunifásítì ní Ifẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ní Èkìtì ni wọ́n ti béèrè pé kí ló ya “mọ̀” sọ́tọ̀ kúrò lára “gbàgbọ́”, wọ́n sì tẹ ìwé lórí rẹ̀ lọ́dún 1986. Ohun tí àwọn bàbá náà sọ ni pé ìmọ̀ ni èyí tí mo fojú ara mi rí, tí ọkàn mi sì jẹ́rìí sí. Ìgbàgbọ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ni èyí tí mo gbọ́ tí mo sì gbà. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọ̀n ọ́n, ọ̀pọ̀ ohun tí òyìnbó ń pè ní ìmọ̀, tó kà nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni. Ohun tí wọ́n sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì nípa àwọn tó ń ka fìlọ́sọ́fì, ibo lẹ máa kà á sí, màmá?

Lọ́jíìkì kò gba àlàyé púpọ̀. “Gbogbo wòlíì òtítọ́ ló ń gbàdúrà, ọkùnrin yìí ń gbàdúrà, nítorí náà wòlíì òtítọ́ ni.” Bí ọmọ bá ti lè fi ọwọ́ tọ́ka ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wó, ilé ti rí ànfààní owó ilé ẹ̀kọ́. Kì í ṣe àwọn tó ń ka fìlọ́sọ́fì nìkan ló ń kọ́ ọ. Ní yunifásítì Nàìjíríà, ẹni tó ń ka nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ń ka ẹnjiníà náà ní díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe lára ẹ̀kọ́ àjùmọ̀ṣe.

Ẹ̀ka ìwà ló máa kan ìgbàgbọ́ ọmọ yín. Ìwé kékeré kan wà tí Plato pè ní Euthyphro, òun ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Lébìrà kan mutí yó lóko, ó pa ẹrú ilé. Bàbá olóko dè é tọwọ́ tẹsẹ̀, ó jù ú sínú kòtò, ó ránṣẹ́ lọ bi àwọn àlùfáà ohun tí òun máa ṣe sí i. Kí ìránṣẹ́ tó padà, ebi àti òtútù ti pa lébìrà. Euthyphro, ọmọ bàbá náà, wá pe bàbá rẹ̀ lẹ́jọ́ ìpànìyàn, ó ní ohun tí àwọn òrìṣà fẹ́ nìyẹn. Socrates pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, ó bi í léèrè: ṣé nítorí pé ohun kan dára ni àwọn òrìṣà ṣe fẹ́ràn rẹ̀, àbí nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ló ṣe dára? Bí ẹ bá ní nítorí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ràn ìpànìyàn lọ́la ńkọ́? Bí ẹ bá ní ó ti dára kí wọ́n tó fẹ́ràn rẹ̀, a jẹ́ pé dídára náà ní ìdí kan tí a lè wá. Ìbéèrè yìí ti gbo ọ̀pọ̀ ọmọ onígbàgbọ́ jìgìjìgì níwájú mi. Àwọn kan kúrò nínú ìgbàgbọ́, n kò ní purọ́ fún yín. Àwọn kan dúró, ìdúró wọn sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Méjì nínú àwọn tí mo kọ́ ti di pásítọ̀, ọ̀kan ti di àlùfáà ìjọ Àgùdà. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún àwọn ará Kólósè nípa irú ìmọ̀ yìí tó jẹ́ ẹ̀tàn asán, ẹni ṣọ́ọ̀ṣì yín yóò ka ẹsẹ náà fún yín. Ẹ ní kó ka Ìṣe orí 17 mọ́ ọn, níbi tí Pọ́ọ̀lù kan náà ti dúró láàárín àwọn Stoiki àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn Epicurus, amòye Gíríìkì mìíràn, ní Áténì, tó sì fi ọ̀rọ̀ akéwì wọn bá wọn sọ̀rọ̀: “Àwa pẹ̀lú sì jẹ́ ọmọ rẹ̀.” Ẹni tí kò ka ìwé wọn kò lè rí ìyẹn sọ. Augustine, ọmọ Áfíríkà láti ilẹ̀ tó ń jẹ́ Àlùjíríà lónìí, kọ ọ́ pé ìwé fìlọ́sọ́fì tí òun kà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló kọ́kọ́ yí ọkàn òun padà sí wíwá Ọlọ́run. Àwọn Mùsùlùmí bíi Ibn Sina àti Ibn Rushd ló sì tọ́jú ẹ̀kọ́ Aristotle tí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe onídùúró fún ọkàn ọmọ yín, bẹ́ẹ̀ ni kò sí olùkọ́ ìmọ̀ òfin tàbí ti ìṣègùn tó lè ṣe é.

Ewu tó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹni ṣọ́ọ̀ṣì yín kò mẹ́nu bà á. Plato sọ ọ́: ó ní bí àwọn ọ̀dọ́ bá kọ́kọ́ tọ́ àríyànjiyàn wò, bí ọmọ ajá ni wọ́n máa ń rí, ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ wọn, wọ́n á máa fà á ya. Nígbà kan, bàbá kan wọlé sí ọ́fíìsì mi lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì, ó ti ká fìlà rẹ̀ sọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó dorí kodò. Bàbá kò jókòó. Ó ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ pé kó bi mí lójú ìyá rẹ̀ bóyá mo mọ̀ pé èmi ni bàbá òun, àbí mo kàn gbà gbọ́ ni?” Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì rí ojú bàbá náà. Lóòótọ́ èmi ni mo kọ́ ọ, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, láti inú ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn Èkìtì. Mo ní kí ọmọ náà sọ fún mi níwájú bàbá rẹ̀ ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀, yàtọ̀ sí èyí tó gbà gbọ́, nípa ọdún méjìdínlógún tí bàbá yìí fi ń sanwó ilé ẹ̀kọ́. Kò rí nǹkan kan sọ. Ó dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó di ọdún kẹta kó tó rọlẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, bí ẹ bá jẹ́ kí ọmọ yín lọ, ẹ ti gbà pé ilé yín máa gbóná fún bí ọdún méjì nìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé àwọn ń wá amòye tí àwọn máa gbà síṣẹ́. Àwọn tí mo kọ́ wà ní báǹkì, wọ́n wà nílé ìròyìn, wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àwọn kan sì pẹ́ kí wọ́n tó rí iṣẹ́, bíi ti ẹ̀ka mìíràn ní ìlú wa yìí. Bí ó bá ṣì fẹ́ di agbẹjọ́rò, ọ̀nà wà: ẹni tó ti gba oyè lè fi wọ ìmọ̀ òfin, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é, ó sì máa ń dáa fún wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mìíràn ni, owó mìíràn ni, ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fọkàn sí i. Ní àwọn yunifásítì kan, wọ́n máa ń gbà kí ọmọ tó bá ṣe dáadáa lọ́dún àkọ́kọ́ kọjá sí ẹ̀ka mìíràn, àmọ́ ẹ jẹ́ kó lọ béèrè fúnra rẹ̀, kó má gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Kó jókòó sílé de ìdánwò mìíràn kò burú fún ẹni tí máàkì rẹ̀ sún mọ́ iye tí wọ́n ń fẹ́ fún ìmọ̀ òfin. Bí ó bá jìnnà sí i, ọdún kan lè di mẹ́ta.

Èmi ì bá jẹ́ kó lọ, bí òun fúnra rẹ̀ bá lè kàwé. Ẹni tí kò fẹ́ kàwé, fìlọ́sọ́fì máa sú u ju òfin lọ. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ rèé: Euthyphro tí mo sọ yẹn, èèyàn lè kà á tán láàárín wákàtí méjì, ó sì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ní kó lọ kà á lọ́sẹ̀ yìí, kó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì yín nígbà tí ẹ bá ń rán aṣọ, kó sọ ọ́ fún yín ní Yorùbá, kí ẹ sì bi í bóyá Euthyphro ṣe dáadáa sí bàbá rẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́ tí ẹ kò lóye rẹ̀, ẹ ní kó padà lọ kà á. Bí ó bá sọ ọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì fi gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán, ẹ lọ sanwó rẹ̀.